Wọ́n ṣí fáìlì Word lásán, wọn ò tẹ nǹkan kan, ímeèlì mi sì bọ́ sọ́wọ́ olè: ẹ̀yin onítẹ̀wé Àkúrẹ́, ẹ gbà mí

IyaOnitewe (Àkúrẹ́), Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà dáadáa ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní lọ́nà Àrákàlé: kọ̀ǹpútà mẹ́ta, pírìǹtà méjì, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá káfíńtà kan mú fúláàṣì wá pé ká bá òun tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n ní ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí àwọn pé kí àwọn wo iye tí òun fẹ́ san fún àga àti tábìlì. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ṣí i lórí kọ̀ǹpútà kejì. Word ṣí, ojú ìwé funfun báláú, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Wíńdò dúdú kékeré kan yọ, ká tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Bàbá náà ní bóyá ìwé mìíràn ni wọ́n ṣì gbé fún òun. Wọ́n gba fúláàṣì wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oníbàárà mi kan pè mí láti ìlú Oǹdó. Agbaṣẹ́ṣe ni, èmi ni mo máa ń bá a tẹ gbogbo ìwé rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ní kí n san owó tó kù sínú àkáǹtì tuntun. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́?" Ara mi gbọ̀n. Mi ò ní àkáǹtì tuntun kankan. Ó ka lẹ́tà náà sí mi létí lórí fóònù: ímeèlì tèmi gan-an ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ fi "Ire o" parí rẹ̀ bí èmi ṣe máa ń ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó pè.

Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọmọbìnrin yẹn ló tẹ "Enable" nígbà tí macro (àṣẹ kékeré tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì Word) béèrè. Ọmọ náà sunkún títí, ó ní òun ò tẹ nǹkan kan, kò sì sí ohun tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Kì í purọ́, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Láti Ọjọ́bọ̀ ni kò ti wá síbi iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé fáìlì Word lè ṣe irú èyí láìjẹ́ pé èèyàn tẹ nǹkan kan? Word 2007 la ń lò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti pa kọ̀ǹpútà kejì láti ọjọ́ tí wọ́n pè mí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

AtunKomputaSe (Ìsìkàn), 8:20 àárọ̀

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dédé ṣe nǹkan. Láti ayé fáírọ́ọ̀sì Melissa ní 1999 ló ti rí bẹ́ẹ̀: macro ló wà nínú fáìlì yẹn, òun ló ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àádọ́ta àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì ẹni tó bá ṣí i. Macro ló máa jẹ́. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yẹn. Ẹ má lé e o, ẹ kàn kọ́ ọ pé kó má tẹ "Enable" mọ́, kí ẹ sì fi antivirus tó dára sí i.

SouthGate_500L (FUTA), 8:31 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè ran ẹni tó gbé fúláàṣì lọ sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀? Orí kẹrin project mi wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní South Gate. Fọ́múlà ló kún inú rẹ̀.

BodaAlaabo, 9:05 àárọ̀

Màmá, ẹ gba ọmọ yẹn gbọ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ pè é lónìí.

Macro nìkan kọ́ lọ̀nà. Ètò kékeré kan wà nínú Office àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Equation Editor 3.0, EQNEDT32.EXE lorúkọ fáìlì rẹ̀. Òun la fi ń kọ fọ́múlà kí Word tó ní tirẹ̀. Èyí tó wà nínú Office yẹn, 9 oṣù Kọkànlá 2000 ni wọ́n ṣe é, wọ́n wá ń gbé e kiri láti Office kan dé òmíràn fún ọdún mẹ́tàdínlógún láìtún inú rẹ̀ kọ. Ní oṣù Kọkànlá 2017 ni àwọn olùwádìí Embedi, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, sọ fáyé pé ihò wà nínú rẹ̀. CVE-2017-11882 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún ihò náà. Ó kan Office 2007, 2010, 2013 àti 2016.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ihò yẹn bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Ẹ wo akọ̀wé kan tó jókòó ti ìwé ńlá. Ó fi àyè kékeré sílẹ̀ tí yóò kọ orúkọ àlejò sí. Lábẹ́ àyè yẹn gan-an ló kọ ohun tí òun fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e sí: "padà sídìí iṣẹ́ rẹ." Àlejò kan wá dé, ó ń pe orúkọ tí kò lópin. Akọ̀wé tó lójú inú á ní, "Ó tó, àyè ti tán." Akọ̀wé tiwa kì í ka lẹ́tà, ó kàn ń kọ lọ, títí orúkọ fi bo ohun tó wà lábẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó wo ibẹ̀ láti mọ ohun tó kàn, ọ̀rọ̀ àlejò ló bá, ó sì dìde lọ ṣe é. Nínú Equation Editor, orúkọ tí à ń sọ yìí ni orúkọ irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ fọ́múlà. Ẹni ibi á kọ orúkọ lẹ́tà tó gùn gbọọrọ sínú fáìlì, á sì fi àṣẹ tirẹ̀ sídìí rẹ̀.

Nítorí náà kò sí ìbéèrè kankan tó máa jáde. Word rí fọ́múlà nínú fáìlì, ó pe Equation Editor kó wá wò ó, ọ̀rọ̀ parí. Ètò ọ̀tọ̀ sì ni Equation Editor, kì í ṣiṣẹ́ nínú Word fúnra rẹ̀, kò sì ní èyíkéyìí nínú ààbò ìgbàlódé tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ètò. Tí àṣẹ yẹn bá ti ṣiṣẹ́, ó máa ń lọ gbé ètò mìíràn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wíńdò dúdú tó yọ tó sì lọ yẹn, ó jọ pé òun nìyẹn. Agent Tesla, LokiBot àti Formbook ni wọ́n sábà ń gbé wọlé báyìí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jí password, kí wọ́n sì máa ka ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Interpol kéde pé àwọn àti ọlọ́pàá Nàìjíríà mú èèyàn mẹ́ta ní Èkó tí wọ́n ń fi ímeèlì gbé Agent Tesla, Loki àti irú wọn sínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, CISA (àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà) àti FBI ní Amẹ́ríkà ka ihò Equation Editor mọ́ mẹ́wàá tí àwọn ọ̀daràn lò jù láàárín 2016 sí 2019.

Ká má kàn máa méfò. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà kejì kí ẹ tó tan án. Ẹ wọ C, ẹ wọ Windows, ẹ ṣí fódà tó ń jẹ́ Prefetch. Windows máa ń fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀ fún ètò tó bá ṣiṣẹ́. Ẹ wá èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EQNEDT32.EXE, kí ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

IyaOnitewe, 11:50 àárọ̀

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo ti wò ó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá káfíńtà wá ni, aago 4:17 ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí. Ohun tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kejì láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìwé ètò ìsìnkú kan, lẹ́tà ìwáṣẹ́ méjì, àti àdéhùn ilẹ̀ kan. Fọ́múlà kankan ò sí nínú wọn. Ta ló wá pe Equation Editor?

Mo ti pe ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

AtunKomputaSe, 12:06 ọ̀sán

Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Mo ti ya ẹnu sọ ohun tí mi ò mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni níbí. Èmi ni mo fi Office 2007 sórí kọ̀ǹpútà tó lé ní ogún láti Ìsìkàn dé Òkè-Àró, torí pé ó fúyẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Mo sì ń pa update lórí gbogbo wọn, kó má baà jẹ dátà oníbàárà tán. Wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún un. Bọ̀ọ̀dá Aláàbò, kí ni kí n ṣe fún wọn báyìí?

OlukoFisiisi_Ondo (Oǹdó), 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Gbogbo ìbéèrè ìdánwò tí mo ti ń kọ láti ọdún pípẹ́ ló wà nínú Equation Editor yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà mi gba update, mo tẹ fọ́múlà kan lẹ́ẹ̀mejì láti tún un ṣe, Word ní òun ò rí ohun tí òun máa fi ṣí i. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n yọ update náà kúrò kíá, láti ìgbà náà ni mi ò ti gba òmíràn. Ṣé kí n wá sọ iṣẹ́ gbogbo ọdún yẹn nù ni?

BodaAlaabo, 2:02 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́jọ́ náà rèé. Ní oṣù Kọkànlá 2017, Microsoft kọ́kọ́ dí ihò kan yẹn, Equation Editor ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n tún rí ihò mìíràn nínú rẹ̀, CVE-2018-0802. Ní oṣù Kìíní 2018 ni wọ́n wá yọ ètò náà kúrò pátápátá. Nígbà tí ẹ yọ update náà, ihò ọ̀hún padà wá pẹ̀lú Equation Editor, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Fọ́múlà yín ò ní sọnù. Wọ́n á ṣì hàn nínú ìwé, pírìǹtà á ṣì tẹ̀ wọ́n jáde. Àtúnṣe nìkan ni wọn ò ní gbà. Tí ẹ bá fẹ́ tún wọn ṣe, MathType, ètò ìkọ fọ́múlà mìíràn, máa ń ṣí wọn. LibreOffice, ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bíi Office, náà lè yí wọn padà sí irú tirẹ̀ nígbà tó bá ń ṣí fáìlì. Fún fọ́múlà tuntun, ẹ tẹ Alt àti = papọ̀ nínú Word. Èyí tó máa jáde ti yàtọ̀, kò kan EQNEDT32 rárá.

AtunKomputaSe, ohun tí wàá ṣe lónìí: wọ Control Panel níbi tí wọ́n ti ń yọ ètò kúrò, mú Office 2007, tẹ Change, tẹ Add or Remove Features, ṣí Office Tools, mú Equation Editor, yan Not Available. Ó parí. Kò jẹ dátà kankan. Ṣùgbọ́n máà sọ fún oníbàárà pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti wà láàbò o. Láti oṣù Kẹwàá 2017 ni Microsoft ti fọwọ́ kúrò lórí Office 2007, ihò mìíràn sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ń bá wọlé jù lo dí yẹn.

IyaOnitewe, 2:30 ọ̀sán

Alt àti = yẹn kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń rí eérú, kì í gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ti àtijọ́ fún àwọn ọmọ FUTA.

BodaAlaabo, 2:41 ọ̀sán

Ṣé .doc lẹ máa ń fi pamọ́ sí?

IyaOnitewe, 2:44 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé e lọ lè ṣí i.

BodaAlaabo, 2:58 ọ̀sán

Òun nìyẹn. Nínú .doc, irú fáìlì Word àtijọ́, fọ́múlà tuntun kò lè wọlé, ìdí tí bọ́tìnnì fi ń rí eérú nìyẹn. Ẹ fi pamọ́ sí .docx, irú tuntun, ẹ óò rí i pé yóò dáhùn. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀: àṣà .doc yìí ló so wá mọ́ Equation Editor àtijọ́, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀.

SouthGate_500L, mi ò gbàgbé rẹ. Àwọn ètò tó ń jí password kì í sábà bá fúláàṣì lọ, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n tó o bá ti wọ ímeèlì tàbí pọ́tálì iléèwé rẹ lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rí, lo fóònù rẹ láti yí password náà padà lónìí. Má lo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yẹn láti yí i o. Kí ìwọ náà fi project rẹ sí .docx.

Akowe_Alagbaka, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan ti ń rú mi lójú tipẹ́. Tí mo bá gba fáìlì láti inú ímeèlì, Word máa ń fi ìlà yẹ́lò hàn lókè, ó ní Protected View, n kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i àfi tí mo bá gbà á láàyè. Fáìlì kan náà, tí ẹnì kan bá fi fúláàṣì gbé e wá, ìlà yẹ́lò ò ní hàn. Mo rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé èyí tó wá láti fúláàṣì kò léwu.

BodaAlaabo, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gidi gan-an fún ìbéèrè yìí, òun gan-an ló sọ bí ti Màmá ṣe ṣẹlẹ̀.

Tí fáìlì bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, Windows máa ń so àmì kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn pé òkèèrè ló ti wá. Àmì yẹn ni Word ń wò kó tó fi ìlà yẹ́lò hàn. Tí ìlà náà bá ṣì wà lókè, fọ́múlà inú fáìlì ò ní ráyè pe Equation Editor. Àmọ́ ibi tí wọ́n ń so àmì yẹn mọ́, orí dísìkì tí wọ́n tò ní NTFS (ọ̀nà kan tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) nìkan ló wà. Fúláàṣì tí gbogbo wa ń gbé kiri, FAT32 tàbí exFAT ni, kò sí àyè fún àmì náà níbẹ̀. Bí fáìlì bá ti bọ́ sínú fúláàṣì, àmì ti já sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, Word rò pé ilé ni wọ́n ti kọ ọ́. Bàbá káfíńtà ò mọ nǹkan kan, wọ́n kàn ru ẹrù ẹlẹ́rù wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá ni. Kí wọ́n tètè yẹ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti gba ímeèlì náà wò.

Ní ti Word 2007, kò tilẹ̀ ní Protected View rárá. 2010 ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo Office tuntun ní Alágbàkà, ẹ má rò pé ti 2007 nìkan lọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Karùn-ún 2022, èyí tí wọ́n pè ní Follina jáde, CVE-2022-30190. Òun náà ò nílò macro. Tó bá jẹ́ fáìlì RTF (irú fáìlì ìwé mìíràn tí Word ń ṣí), kí èèyàn kàn mú un nínú fódà níbi tí Windows ti ń fi inú fáìlì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, láìṣí i rárá, ó tó. 14 oṣù Kẹfà 2022 ni update tó dí i jáde. Ẹni tó pa update kò rí i gbà.

IyaOnitewe, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ó ti yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó pẹ̀lú. Ẹ̀dà Office tó bófin mu fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta, owó ńlá ni. Pépà ti gbówó lórí, ínkì ti gbówó lórí, epo jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé sọ. Ojú-ewé kan, náírà mélòó la ń gbà? Mi ò sọ ọ́ láti fi bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé àwọn èèyàn ló wà lọ́wọ́ mi, àdéhùn ilẹ̀, nọ́ńbà NIN, ìwé ẹ̀rí ọmọ ẹni. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí wọn.

SouthGate_500L, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Mà, LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni. Òun ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù mi.

AtunKomputaSe, 5:51 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dán an wò fún oníbàárà rí. Ojú-ewé máa ń yí padà: ìwé tó jẹ́ ojú-ewé ọgọ́ta á di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tábìlì á yẹ̀. Onítẹ̀wé tó ń ṣe project kò lè fara mọ́ ọn.

BodaAlaabo, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni. Tí lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ìwé, bíi Calibri àti Cambria, kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn wà lára ohun tó ń yí ojú-ewé padà. Carlito àti Caladea, tí wọ́n fẹ̀ bákan náà, máa ń bá LibreOffice wá, ẹ má yọ wọ́n. Ó máa dín in kù, kò ní mú un kúrò tán.

LibreOffice náà ti ní ihò tirẹ̀ rí. Ní 2019, wọ́n rí i pé LibreLogo, ètò tí àwọn ọmọdé fi ń yàwòrán, lè jẹ́ kí fáìlì ṣe ohun tó wù ú láìbéèrè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbà á, kò sí pé ẹ̀dà ayédèrú kò gbà á wọlé.

Màmá, bí èmi ì bá ṣe ṣe é rèé. Kọ̀ǹpútà kan fún fáìlì tó ń ti ìta wá: LibreOffice lórí rẹ̀, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kì í wọ ímeèlì níbẹ̀. Fúláàṣì oníbàárà, ibẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n kàn fẹ́ tẹ̀ jáde, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi PDF ránṣẹ́, ojú-ewé ò ní yẹ̀. Ẹ fi owó ra Office kan ṣoṣo tó bófin mu, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń tẹ project ni kó wà, kí ẹ jẹ́ kó máa gba update. Ti 2016 àti 2019 náà ti tán ní 14 oṣù Kẹwàá 2025, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ìyẹn fún yín. Kọ̀ǹpútà kejì, ẹ nù ún tán pátá, ẹ to Windows sí i lákọ̀tun.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ ò ní fi di ọ̀la. Ẹ wọ ímeèlì yín lórí fóònù tí kò bá kọ̀ǹpútà yẹn pàdé rí, ẹ yí password, ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ń kọ òfin fún ímeèlì tó ń wọlé. Àwọn olè yìí fẹ́ràn láti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀.

IyaOnitewe, 8:47 alẹ́

Ẹ gbà mí o. Òfin kan wà níbẹ̀ tí èmi ò kọ. Ímeèlì yòówù tó bá wá láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe yẹn, kó lọ tààrà sínú pàǹtírí. Mo ṣí pàǹtírí. Èsì mẹ́ta ló kọ sí mi tí mi ò rí, ó ń béèrè bóyá èmi ni lóòótọ́, kó tó di pé ó pè mí. Ọjọ́ méjì ló fi ń kọ ọ́.

Mo ti pa òfin náà rẹ́. Mo ti pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo tún ti pe àwọn oníbàárà mọ́kànlá mìíràn tí mo máa ń kọ ímeèlì sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n má san kọ́bọ̀ láìgbọ́ ohùn mi. Àwọn tó ní àdéhùn ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, mo ti sọ fún wọn.

IyaOnitewe, Ọjọ́rú, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi ti padà síbi iṣẹ́ láti àná. Òun ló yọ Equation Editor kúrò lórí kọ̀ǹpútà kìíní fúnra rẹ̀, ó ka ohun tí Bọ̀ọ̀dá Aláàbò kọ láti orí fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan. AtunKomputaSe wá láti Ìsìkàn, ó nu kọ̀ǹpútà kejì, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló di kọ̀ǹpútà fúláàṣì, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó ní òun ti dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ nínú ogún tiẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣì ń dúró de owó Office.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ ní Oǹdó, ọmọ mi ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ fi àwọn ìbéèrè ìdánwò yẹn ránṣẹ́ ní PDF. Ó ti mọ Alt àti = dáadáa báyìí. Òun fẹ́ bá yín tún fọ́múlà inú rẹ̀ tẹ̀ sí .docx díẹ̀díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dá, kí ẹ lè jẹ́ kí update padà wọ kọ̀ǹpútà yín.

OlukoFisiisi_Ondo, Ọjọ́rú, 7:02 alẹ́

Mo ti fi ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé fọ́múlà kejìlá nínú ìwé kejì ní àṣìṣe, èmi ni mo ṣe é, R ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe r.